Ẹ̀rọ POS Inú Ìsọ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì

Ohun tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni ẹ̀rọ POS tó wà nínú ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, níbi tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì Ìgbẹ́mọ, èlùbọ́, gàrí àti epo pupa. Irú èyí tó ní ojú gíláàsì tí a ń fi ìka tẹ̀ ni, Android ló ń lò, rísíìtì sì ń gba orí rẹ̀ jáde. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó gbé e fún wọn, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀ ni mo ti rí lára ẹ̀rọ àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn pẹ̀lú, n kò sì fẹ́ kí ẹ̀bi gbogbo wọn já lé ẹnì kan ṣoṣo lórí. Iṣẹ́ kíkọ ètò orí kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ráyè ní òpin ọ̀sẹ̀, mo máa ń lọ bá ẹ̀gbọ́n mi dúró ní ìsọ̀. Nítorí náà, mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú ètò bẹ́ẹ̀, mo sì mọ bó ṣe ń rí lọ́wọ́ ẹni tí àwọn oníbàárà dúró tì, tí kálukú wọn ń kánjú.

Èrò mi nípa rẹ̀ kò fara sin: bí nǹkan bá ń lọ déédéé, ẹ̀rọ yìí dára gan-an, kódà ó dára ju áàpù ọ̀pọ̀ báńkì lọ. Ìgbà tí nǹkan bá dàrú ni ó máa ń hàn pé àwọn tó ṣe é kò tíì dúró nínú ìsọ̀ rí, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọlọ́jà nílò wọn jù.

Èrò kan gbilẹ̀ láàrin àwa oníkọ̀ǹpútà tí mo fẹ́ kí a jáwọ́ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ní kí a ṣe ètò kan fún àwọn ọlọ́jà, ẹni tí kò kàwé ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn. Ẹ̀gbọ́n mi gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́ ní Ìkẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yà sídìí òwò. Wọ́n ń ka Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń kọ ọ́, àwọn ni wọ́n sì ń bá ọmọ wọn yanjú iṣẹ́ àṣetiléwá. Ìmọ̀ kọ́ ló wọ́n wọn, àyè ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, bí wọ́n ti ń wọn gàrí fún ẹnì kan ni ẹlòmíràn ń ná epo lọ́wọ́ wọn, tí alábàárù ń bèèrè ibi tí òun yóò sọ àpò ìrẹsì kalẹ̀ sí, tí ẹlòmíràn sì ti na káàdì sí wọn. Ojú wọn kò ní pẹ́ lórí ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó gbé e kúrò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohun èlò fún wọn gbọ́dọ̀ gbà látìbẹ̀rẹ̀ pé ìdajì ọkàn ni wọn yóò máa fi lò ó, kò sì gbọdọ̀ ka ìyẹn sí àléébù tiwọn.

Àwọn tó ṣe ojú ewé àkọ́kọ́ ẹ̀rọ yìí mọ èyí. Bí a bá tàn án, àpótí ńlá méjì ló máa jáde: ọ̀kan fún gbígba owó lórí káàdì, èkejì fún fífi owó ránṣẹ́. Àwọn iṣẹ́ yòókù, bíi ríra owó ìpè àti sísan owó iná, wà nísàlẹ̀ ní kékeré, níbi tí wọn kò ti ní dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Google gba àwọn tó ń ṣe áàpù fún Android nímọ̀ràn pé ohunkóhun tí ìka yóò tẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí 48 dp (dp ni ìwọ̀n tí Android fi ń wọn nǹkan lójú ẹ̀rọ), tó jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 9. Àpótí méjèèjì yìí fi ìlọ́po ìlọ́po ju ìyẹn lọ, tó fi jẹ́ pé ìka tí epo ti kàn, tí kò sì dúró sójú kan, kò lè ṣì wọ́n tẹ̀. Lẹ́tà dúdú lórí funfun ni wọ́n fi kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ kó rí, nítorí pé oòrùn ọ̀sán máa ń wọlé tààrà sínú ìsọ̀ wa, lẹ́tà aláwọ̀ eérú tó lẹ́wà lójú àwọn ayàwòrán ojú ẹ̀rọ kì í sì í ṣeé kà nínú irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun mìíràn tó dára ni pé ẹ̀rọ náà kì í bi ọlọ́jà ní ìbéèrè tó ti mọ ìdáhùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kì í bèèrè irú àkáǹtì tí ó jẹ́ bí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ti máa ń ṣe, tí ẹni tó ni káàdì gan-an kò sì ní mọ èwo ni kí òun mú.

Ibi ìfowóránṣẹ́ tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá ti tẹ nọ́ńbà àkáǹtì, tó jẹ́ òǹkà 10, tí a sì yan báńkì, orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì náà yóò yọ gàdàgbà kí a tó tẹ bọ́tìnì ìkẹyìn. Ètò NIP, ìyẹn ọ̀nà ìfowóránṣẹ́ ojú ẹsẹ̀ láti báńkì sí báńkì, tí NIBSS, ilé-iṣẹ́ tó so àwọn báńkì Nàìjíríà pọ̀, gbé kalẹ̀ ní 2011 ló jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe, gbogbo báńkì ló sì ní in, ṣùgbọ́n lẹ́tà wẹ́wẹ́ ni ọ̀pọ̀ áàpù fi ń kọ orúkọ náà sí igun kan. Níhìn-ín, òun ló tóbi jù lójú ewé. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń ka orúkọ náà sókè fún oníbàárà, wọn yóò sì dúró kí ó dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n tó tẹ̀síwájú. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Bí orúkọ náà ṣe tóbi tó ló kọ́ wọn.

Ibi tí a ti ń tẹ iye owó ni mo ti bá àléébù gidi àkọ́kọ́ pàdé. Kí a tó tẹ ohunkóhun, 0.00 ló wà níbẹ̀. Bí a bá tẹ 5, ó di 0.05, ìyẹn kọ́bọ̀ márùn-ún. Bí a bá tẹ òdo kan tẹ̀ lé e, ó di 0.50. Kí a tó rí ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà, a ní láti tẹ 5, kí a sì tẹ òdo márùn-ún lé e lórí, kí ó tó di 5,000.00. Ẹni tó bá tẹ òdo mẹ́ta, bí gbogbo wa ṣe ń kọ ọ́ sórí bébà láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 50 náírà péré ni ẹ̀rọ náà yóò gbà lórí káàdì, yóò sì tẹ rísíìtì jáde pẹ̀lú ayọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Ọmọ tó ń ran ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ ti fi àpò èlùbọ́ lé oníbàárà lọ́wọ́ lọ́nà yìí rí. Oníbàárà náà jẹ́ olóòótọ́, òun fúnra rẹ̀ ló padà wá nígbà tó rí álẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí owó ọlọ́jà máa dúró lórí òótọ́ inú ẹlòmíràn nítorí òdo méjì.

Mo mọ ibi tí òdo méjì yẹn ti wá. Ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ káàdì fi ń bá báńkì sọ̀rọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ISO 8583, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1987, kì í fi àmì sáàrin náírà àti kọ́bọ̀. Iye owó máa ń rìn gẹ́gẹ́ bí kọ́bọ̀ nìkan, nínú ààyè òǹkà 12, débi pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà yóò di 000000500000. Ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ yẹn, kò sì sí ohun tó kan ọlọ́jà nínú rẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1973 ni a ti ń ná náírà àti kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ọmọ tó ń jẹ́ iṣẹ́ ní Ọjà Ọba lónìí ló ti fọwọ́ kan kọ́bọ̀ rí? Ó yẹ kí ẹni tó kọ ètò yìí jẹ́ kí a tẹ 5000, kí ètò náà fúnra rẹ̀ fi òdo méjì rẹ̀ kún un níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i, kí ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá pé "Ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà" kí a tó fi káàdì bọ ẹ̀rọ. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni èyí fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Nǹkan mìíràn tún so mọ́ èyí tí ènìyàn kò lè rí àfi bó bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń lò ó. Kakulétọ̀ wà lọ́wọ́ òsì ẹ̀gbọ́n mi, POS wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Lórí kakulétọ̀, 7, 8 àti 9 ló wà lókè. Lórí POS, 1, 2 àti 3 ló wà lókè, bíi ti fóònù. Àwọn onímọ̀ Bell Labs, ilé ìwádìí àwọn onífóònù ní Amẹ́ríkà, ló fi oríṣiríṣi ètò bọ́tìnì wé ara wọn kí wọ́n tó yan èyí tó wà lórí fóònù, wọ́n sì gbé àbájáde wọn jáde ní 1960. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni yí i padà, nítorí pé PIN ti mọ́ gbogbo ènìyàn lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdí wo ni ẹ̀gbọ́n mi fi ní láti ṣírò kóńgò ìrẹsì mẹ́ta àti ìgò epo kan lórí ẹ̀rọ kan, kí wọ́n há iye rẹ̀ sórí, kí wọ́n sì tún un tẹ̀ lórí òmíràn tí òǹkà rẹ̀ dorí kodò? Bí àmì ìròpọ̀ àti ìlọ́po bá wà lójú ibi tí a ti ń tẹ iye owó, kakulétọ̀ yóò sinmi, àṣìtẹ̀ yóò sì dín kù. Àyè wà níbẹ̀. Ìpolówó ni wọ́n fi kún un.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ nípa bọ́tìnì PIN náà. Lórí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ tó ní bọ́tìnì gidi, àmì kékeré kan yọ lórí 5 kí ẹni tí kò ríran lè fi ìka mọ ibi tó wà. Lórí gíláàsì, kò sí ohun tí ìka lè mọ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ máa ń wá ra èlùbọ́ lọ́dọ̀ wa, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó sì ń bá a tẹ PIN rẹ̀ nísinsìnyí. Nígbà tí ẹ̀rọ àtijọ́ wà, òun fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́. Èyí dùn mí ju ọ̀rọ̀ kọ́bọ̀ lọ, nítorí pé ohun tí a pè ní ìtẹ̀síwájú ló gba àṣírí ìyá náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wàyí o, ìgbà tí owó kò bá wọlé ńkọ́? Ibí ni mo fẹ́ dúró sí jù.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Federal Polytechnic wá ra ìrẹsì àti epo. Ó fi káàdì sí i, ó tẹ PIN, òbìrípo kékeré sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú ẹ̀rọ. Ó yí títí, láìsí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ojú ẹ̀rọ di pupa, ohun tó sì kọ ni: "91: Issuer or switch inoperative". Ní àkókò yẹn gan-an ni fóònù akẹ́kọ̀ọ́ náà dún.

"Ẹ wò ó mà," ó ní, "wọ́n ti yọ ọ́ o."

"Ọmọ mi, n kò jiyàn pé wọ́n yọ ọ́," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn, "ṣùgbọ́n kò tíì dé ọ̀dọ̀ mi."

Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Ẹ̀rọ tó wà láàrin wọn nìkan ló mọ ìdí tí òótọ́ méjì fi wà, kò sì sọ ọ́. Ìtumọ̀ 91 ni pé báńkì tó fún akẹ́kọ̀ọ́ náà ní káàdì, tàbí ojú ọ̀nà tó so báńkì méjèèjì pọ̀, kò dáhùn lásìkò. Bí báńkì náà bá ti yọ owó kí ìdáhùn rẹ̀ tó sọnù lọ́nà, ó yẹ kí wọ́n dá a padà sínú àkáǹtì ẹni tó ni ín. Ọmọ náà kò mọ èyí. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí àwọn tó wà lórí ìlà rí ni pé ọmọ ilé-ìwé kan ń sọ pé òun ti sanwó, ìyá onírẹsì sì ń sọ pé òun kò gbà á. Ẹnì kan ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé bí àwọn oníPOS ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ìrẹsì náà wà lórí tábìlì títí ọmọ náà fi kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀, tó sì lọ ní ọwọ́ òfo. Owó rẹ̀ padà sí i lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ojú ti tì í láàrin ọjà, ojú sì ti ti ẹ̀gbọ́n mi náà.

Àwọn ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú ẹ̀rọ náà. Òǹkà 51 ni pé owó tó wà nínú àkáǹtì kò tó, 55 ni pé PIN tí a tẹ̀ kò tọ̀nà. Èyí tó burú jù ni 05, tí ẹ̀rọ ń kọ ní "Do not honour", tó túmọ̀ sí pé báńkì kọ̀, láìsọ ìdí. Inú ISO 8583 kan náà ni òǹkà wọ̀nyí ti wá, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni wọ́n sì kọ wọ́n fún. Ẹni tó ṣe ojú ẹ̀rọ yìí kàn mú wọn bí wọ́n ṣe rí, ó sì fi wọ́n síwájú ẹni tó ń ta gàrí. Jakob Nielsen, tó ti pẹ́ nídìí ìmọ̀ bí ohun èlò kọ̀ǹpútà ṣe ń rọrùn í lò, to ìlànà mẹ́wàá kan sílẹ̀ ní 1994, ìkẹsàn-án nínú wọn sì ni pé bí nǹkan bá yingin, kí ẹ̀rọ fi ọ̀rọ̀ lásán sọ ọ́, láìsí òǹkà àdììtú, kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, kí ó sì sọ ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún. Kò sí ẹni tó ń kọ ètò orí ẹ̀rọ lónìí tó lè sọ pé òun kò gbọ́ ọ rí.

Bí wọ́n bá ní kí n kọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ó jáde nígbà tí 91 bá ṣẹlẹ̀, èyí ni n ó kọ: "Owó yìí kò tíì dé ọ̀dọ̀ yín. Báńkì oníbàárà kò dáhùn. Bí wọ́n bá ti yọ owó náà, ó yẹ kí ó padà sínú àkáǹtì oníbàárà. Ẹ má ṣe tún káàdì náà lò báyìí. Ẹ gba owó lọ́nà mìíràn." N ó sì jẹ́ kí ẹ̀rọ tẹ ọ̀rọ̀ kan náà sórí rísíìtì, ẹ̀dà kan fún oníbàárà àti ẹ̀dà kan fún ọlọ́jà. Rísíìtì tó ń jáde báyìí kọ "DECLINED" gàgàrà, lẹ́yìn náà ló wá fi lẹ́tà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè rí kọ nọ́ńbà òǹkà 12 tí wọ́n ń pè ní RRN sísàlẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ni báńkì yóò bèèrè lọ́wọ́ oníbàárà tó bá lọ fẹjọ́ sùn, nítorí náà òun ló yẹ kó tóbi jù lórí bébà náà. Ooru ni wọ́n sì fi ń tẹ̀wé sórí bébà yìí, láìsí yíǹkì, ìdí nìyẹn tí ohun tó wà lórí rẹ̀ fi máa ń ṣá bí epo bá kàn án tàbí bí ó bá pẹ́ nínú oòrùn. Ẹni tí kò bá tètè da nọ́ńbà náà kọ, ó di kí ó máa bẹ ọlọ́jà pé kó bá òun wá a nínú ẹ̀rọ.

Àwọn kan yóò sọ pé nẹ́tíwọ̀kì ni kí n dá lẹ́bi. Nẹ́tíwọ̀kì kò dára tó, òótọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkìtì dín owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń ri okùn íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ kù gidigidi ní 2020. Ṣùgbọ́n bí a bá mọ̀ pé ọ̀nà kò dára, ṣé kò yẹ kí ẹni tó ń kan ọkọ̀ ro ihò mọ́ ọn? A kò lè gbàgbé oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí owó bébà di àwátì lẹ́yìn tí Báńkì Àpapọ̀ kéde owó tuntun, tí gbogbo ọjà sì di tránsífà àti POS lọ́sàn-án kan òru kan. Láti ìgbà náà ni ìbẹ̀rù "wọ́n yọ ọ́, kò dé" ti wọ àwọn ọlọ́jà lára. Àkókò tó tó ti kọjá fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ láti dá ìbẹ̀rù náà lóhùn.

Òbìrípo tó ń yí náà kò gbọdọ̀ dá wà. Nielsen ti kọ ọ́ pé bí ìdúró bá ti kọjá ìṣẹ́jú àáyá 10, ọkàn ẹni tó ń dúró yóò ti lọ síbòmíràn. Ní ìsọ̀, ara gan-an ló máa ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi yóò gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, wọn yóò yí padà wọn epo, àbájáde yóò sì ti hàn, yóò ti pòórá, kí wọ́n tó padà dé. Ohun tí kò bá kúrò lójú títí ènìyàn yóò fi tẹ̀ ẹ́ ni a fẹ́.

A tún fẹ́ ohùn. Bí mo bá lè fi ohun kan ṣoṣo kún ẹ̀rọ yìí, ohùn ni n ó fi kún un. Ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, ilé-iṣẹ́ Paytm ní àpótí kékeré kan tí ọlọ́jà ń gbé sórí tábìlì, tó máa ń pariwo iye owó tó bá wọlé ní èdè tí ọlọ́jà yàn. Ẹ fojú inú wò ó ní Ọjà Ọba: ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì wà nínú gàrí, àpótí náà sì sọ pé "Ẹgbàajì náírà ti wọlé." Kò sí pé wọ́n ń nu ọwọ́, kò sí pé wọ́n ń wá awò ojú, kò sì sí ẹni tó lè fi álẹ́ẹ̀tì ayédèrú hàn wọ́n lórí fóònù tirẹ̀, nítorí pé gbogbo ẹni tó wà nítòsí ló ń gbọ́ ọ. Fífi álẹ́ẹ̀tì ayédèrú gba ọjà ti pa ọ̀pọ̀ ọlọ́jà lẹ́kún, àwọn tí ọwọ́ wọn dí jù ló sì máa ń kó sí i. Ẹ̀rọ wa ní agbọ̀rọ̀sọ tẹ́lẹ̀. Ìró "píì" kan náà ló ń fi í ṣe, bí owó wọlé o, bí kò wọlé o.

Nípa àkọsílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń lo ìwé eksasáìsì. Ẹ̀rọ náà ń tọ́jú aago, iye owó àti òǹkà mẹ́rin ìkẹyìn lórí káàdì, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí a lè sọ fún un pé ìrẹsì Ìyá Ṣadé tó kù lánàá ni owó yìí wà fún. Mo ti gbọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń sọ pé àwọn ọlọ́jà kò fẹ́ràn àkọsílẹ̀. Kí ni ìwé eksasáìsì náà wá jẹ́? Àkọsílẹ̀ wọn pé. Ètò wa ni kò ní àyè fún un. Ẹ̀gbọ́n mi kan náà yìí ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp látàárọ̀ dalẹ́, láti ìgbà tí ó ti ṣeé ṣe, nítorí pé ìka kan ni wọ́n nílò: kí wọ́n di àmì mú, kí wọ́n sọ̀rọ̀, kí wọ́n jù ú sílẹ̀. WhatsApp ti ní èyí láti 2013. Bí irú àmì bẹ́ẹ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kọ̀ọ̀kan tó wọlé, a ó gbọ́ "Ìyá Ṣadé, ó ku ẹgbẹ̀rún kan" láti inú ẹ̀rọ ní alẹ́, kò sì ní sí ohun tí a ń tẹ̀.

Ẹ̀sùn kan kù. Ní òwúrọ̀ kan tí ọjà kún, ẹ̀rọ náà tún ara rẹ̀ ṣe láìbèèrè, nígbà tó sì tàn padà, àpótí gbígba owó àti àpótí fífi owó ránṣẹ́ ti gba ipò ara wọn. Ẹni tí kì í wo ojú ẹ̀rọ kí ó tó tẹ̀ ẹ́, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, ni ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà lò jù, òun gan-an sì ni irú àyípadà bẹ́ẹ̀ máa ń ṣe lọ́ṣẹ́. Kí wọ́n máa ṣe àtúnṣe wọn lóru, kí wọ́n sì fi bọ́tìnì sílẹ̀ síbi tó wà.

Kò sí èyí tó nira láti mọ̀ nínú gbogbo ohun tí mo kọ yìí. Nielsen kan náà kọ ní 2000 pé ènìyàn márùn-ún péré, bí a bá jókòó tì wọ́n bí wọ́n ti ń lo ohun tí a ṣe, ti tó láti fi ọ̀pọ̀ àléébù rẹ̀ hàn. Ọlọ́jà márùn-ún kò ṣòro í rí ní Adó. Kí ilé-iṣẹ́ náà rán ẹni tó ń kọ ètò fún wọn wá, kì í ṣe ẹni tó ń polówó, kí ó jókòó sórí àpótí lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n mi láti àárọ̀ dé ọ̀sán ní ọjọ́ Sátidé, kí ó má sọ nǹkan kan, kó kàn máa wò.

Ẹni tó ní ìsọ̀, tó sì ní ọmọ tó lè ràn án lọ́wọ́, mo lè sọ fún un pé kí ó gba ẹ̀rọ yìí, nítorí pé ó yára, bátìrì rẹ̀ ń pẹ́, orúkọ ẹni tí à ń fi owó ránṣẹ́ sí sì ń hàn dáadáa. Àgbàlagbà tó ń dá tajà, tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, kí ó di ẹ̀rọ àtijọ́ tó ní bọ́tìnì mú bó bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó gbé e wá fi èyí tó yọrí sí rere nìkan hàn yín. Ẹ ní kí ó fi káàdì tirẹ̀ sí i, kí ó mọ̀ọ́mọ̀ tẹ PIN tí kò tọ̀nà, kí ẹ wo ohun tí ẹ̀rọ yóò kọ àti ohun tí yóò jáde lórí rísíìtì. Ẹ ní kí ó wá owó tó wọlé lánàá jáde níṣojú yín, kí ẹ sì wo iye ibi tó tẹ̀ kó tó rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní ẹni tó wà nínú Adó tí ẹ lè tọ̀ lọ bí owó bá há sọ́nà ní ọjọ́ Sátidé, nítorí pé nọ́ńbà fóònù tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ tiwa kì í dáhùn ní òpin ọ̀sẹ̀.